Ta Ló Ń Fọ Balùwẹ̀ Yìí?

Ọ̀bùn ni Àǹtí Adéọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pè mí. Wọn ò sì pè mí bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ o. Inú pálọ̀ mi ni wọ́n jókòó sí, iyán tí mo fọwọ́ ara mi gún ló wà níwájú wọn. Wọ́n bu òkèlè, wọ́n fi run ọbẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu ni wọ́n sọ ọ́ jáde: "Akínwálé, ìyàwó rẹ yìí, ọ̀bùn ni." Ọkọ mi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ ojú mi ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé òkèlè náà mì. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mi ò sì ní bò ó mọ́ra.

Ohun tó fà á ni ilẹ̀ balùwẹ̀ wa. Ilẹ̀ náà ń yọ̀. Tolú ọmọ wa ti lọ kàwé nílùú mìíràn; ká ní èmi àti ọkọ mi nìkan là ń gbé inú ilé ni, ẹni tó bá ṣubú á dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kadà ló gbé Màmá ṣubú lọ́nà Ìlúpéjú nígbà tí wọ́n ń ti ọjà bọ̀, egungun itan wọn sì dá. Ní ilé ìwòsàn ní Ìdó ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n sì fi irin gbé egungun náà ró. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, dókítà pe èmi àti Akínwálé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí màmá yìí ṣubú o. Bí itan yẹn bá tún dá, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, mi ò rò pé wọ́n máa fẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́." Mo gbọ́. Akínwálé náà gbọ́, mo rí i tó ń mi orí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé ó gbọ́.

Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni ilé Màmá, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni balùwẹ̀ ibẹ̀ wà, àtẹ̀gùn olókùúta ni èèyàn máa sọ̀ kó tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi gbé wọn wá sí Ọ̀yẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bí a ṣe gbé wọn wọlé báyìí, balùwẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ wò. Mo bọ́ bàtà, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ táìlì, ẹsẹ̀ mi sì sá lọ. Nǹkan kan ràn mọ́ ilẹ̀ náà tó ń dán, tó sì ń yọ̀. Lára ògiri, níbi tí omi ṣáwà máa ń ta sí, ọ̀rá funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn bí omi ẹ̀kọ tó gbẹ.  Mo ro ti Màmá, tàwọn ti irin inú itan wọn, tàwọn ti ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń rìn, tí wọ́n á máa kọjá lórí nǹkan yìí láràárọ̀. Láti ọjọ́ náà lọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Mo lọ ra búrọ́ọ̀ṣì tuntun. Bí mo ṣe gbé e wọlé ni Akínwálé gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ìyá Tolú, fi balùwẹ̀ sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Ìwọ lò ń se oúnjẹ Màámi, ìwọ lò ń fọ aṣọ wọn, o sì tún ń lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé. Èmi ni n ó máa fọ̀ ọ́ láràárọ̀ kí n tó lọ sí ọ́fíìsì."

Ẹ wo ọkọ! Òṣìṣẹ́ àgbà ní ọ́fíìsì yunifásítì, wọ́dìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ní òun á máa kúnlẹ̀ fọ balùwẹ̀ nítorí ìyàwó òun. Inú mi dùn débi pé mo ròyìn rẹ̀ nípàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tiẹ̀ ní kí n ní kí Akínwálé wá bá ọkọ òun sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún gèlè mi ṣe. Bí mo bá rántí ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fọ́ nǹkan mọ́lẹ̀.

Àárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń wọ balùwẹ̀. Màá gbọ́ tí omi ń dà, màá gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì, kárá-kárá-kárá. Ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú Màmá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ ṣì ń yọ̀. Kódà, ó ń yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi ń di Màmá mú, màá sì máa rìn bíi pé èmi gan-an ni mo fi ẹsẹ̀ dá.

Mo bi Akínwálé léèrè. Kò tiẹ̀ ronú kó tó dáhùn. "Ọṣẹ tá a fi ń wẹ̀ ló fà á," ó ní. "Omi bọ́hólù wa ti le jù. Bí ọṣẹ bá pàdé omi líle, ṣe ló máa ń dì, á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè fọ̀ ọ́ tó."

Mo gbà á gbọ́, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Omi wa le lóòótọ́. Bí a bá fi fọ aṣọ, ọṣẹ kì í tètè hó, àbàwọ́n funfun á sì yí etí bààfù ká. Bí irọ́ bá gun òótọ́ lẹ́yìn, ta ni yóò tètè mọ̀? Mo pinnu pé màá wá ọṣẹ ìwẹ̀ tí kì í lẹ̀ mọ́lẹ̀, ibi yòówù kó wà.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gift, tó ń ta ìpara àti ọṣẹ nítòsí géètì yunifásítì. Ìpínlẹ̀ Delta ló ti wá kàwé, ó gboyè tán, ó jókòó sí Ọ̀yẹ́, Yorùbá rẹ̀ sì ti já gaara. Mo ní, "Gift, èwo nínú àwọn ọṣẹ yìí ni kì í ràn mọ́ táìlì?"

Ó kọ́kọ́ wò mí. "Àǹtí, ara ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí. Ṣé á mú ara dán, ṣé á pa èélá, ṣé kò ní bó mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí nípa táìlì."

"Táìlì ni mo bi ọ́."

Ó kó wọn sílẹ̀ fún mi. Ó gbé ọṣẹ funfun tó ní wàrà nínú wá, ó gbé ọlọ́ràá tó rọ̀ mọ́ ọwọ́ wá, ó gbé ọṣẹ pupa tó ń rùn bí ilé ìwòsàn wá, ó tún gbé ọṣẹ olómi kan wá tó mọ́ gaara nínú ike, tí èèyàn lè rí ìka ọwọ́ rẹ̀ láti òdìkejì. Ó ní èyí tó bá ní ọ̀rá púpọ̀ nínú ni yóò máa lẹ̀, pé òun rò pé olómi yẹn á ṣàn lọ. Èmi ò fẹ́ "mo rò pé". Itan èèyàn ni mò ń dáàbò bò. Mo ra gbogbo wọn.

Nígbà tí mo délé, mo lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí àwọn táìlì tó ṣẹ́kù nígbà tá a kọ́lé wà. Mo tẹ́ wọn sínú oòrùn. Mo fi ọṣẹ kọ̀ọ̀kan hó lórí táìlì tirẹ̀, mo bu omi bọ́hólù lé e, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mo ṣe é lọ́jọ́ kejì, mo tún ṣe é lọ́jọ́ kẹta. Màmá jókòó sórí àga oníke lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ń wò mí.

"Ùyàwó mi, kí lò ń fọ̀?" wọ́n bi mí.

"Màmá, ọṣẹ tí ẹ ó máa fi wẹ̀ ni mò ń wá. Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣubú."

 Wọ́n yí ojú sápá ibi tí igi ìbẹ́pẹ wà. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ wọ́n lára ni.

Nígbà tó yá, mo fi ìka wọ́ àwọn táìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti oníwàrà ti di ràn-ìn, ti ọlọ́ràá ń yọ̀ bí ilá, ti pupa fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ti olómi yẹn, ìka mi ń dún kíún lórí rẹ̀ ni. Ó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n gbé e wá láti ilé ìtajà. Mo fi ayọ̀ pariwo, mo ṣe òfin sí gbogbo ilé lálẹ́ ọjọ́ náà: kò sí ọṣẹ mìíràn mọ́ nínú balùwẹ̀ wa. Pupa, ọlọ́ràá, oníwàrà, gbogbo wọn ni mo kó fún ìyá tó ń gbé iwájú ilé wa.

"O ti ṣe dáadáa," Akínwálé ní. Ó tiẹ̀ fọwọ́ kàn mí léjìká.

Ara mi wá ń dá. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ha ọ̀rá ara ògiri títí ògiri fi funfun. Ilẹ̀ nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn, torí pé ilẹ̀ ti di iṣẹ́ ọkọ mi. Ògiri mọ́, kò sì tún dọ̀tí mọ́, torí ọṣẹ olómi náà ṣe ohun tí mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀? Ilẹ̀ ń yọ̀. Láràárọ̀ ni nǹkan yẹn máa ń wà níbẹ̀, kì í ṣe funfun mọ́, ó ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo rò pé orí mi ti fẹ́ dàrú.

Àkókò yìí gan-an ni Àǹtí Adéọlá ti Àkúrẹ́ wá kí ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, òun sì ni àkọ́bí Màmá. Wọ́n wọ balùwẹ̀ wa láti tọ̀, ẹsẹ̀ wọn yọ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lọ forí lu ìkòkò ìgbọ̀nsẹ̀. Igbe tí wọ́n ké, àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ. Wọ́n jáde, wọ́n dúró láàárín pálọ̀, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ta ló ń fọ balùwẹ̀ yìí?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè. Mo ní èsì rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti wà nílé ọkọ, ẹ mọ ibi tó ń dùn mí. Bí mo bá sọ pé àbúrò yín ni, wọ́n á ní mo sọ ọmọ wọn di ọmọ ọ̀dọ̀, pé mo ń gun wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹṣin. Mo retí kí ọkọ mi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo wò ó. Ó gbájú mọ́ ẹja tó ń yọ eegun rẹ̀. Mo wo Màmá. Màmá ń wo ẹsẹ̀ wọn. Mo bá ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí, màá tún un fọ̀." Ìgbà náà ni wọ́n jókòó sídìí iyán mi, tí wọ́n sì pè mí ní ọ̀bùn. Wọ́n tún fi kún un pé bí nǹkan kan bá ṣe ìyá àwọn nínú ilé yìí, àwọn mọ ẹni tí àwọn á mú.

Akínwálé gbé ẹja náà sẹ́nu, ó jẹ ẹ́.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún ìbínú ni. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, Akínwálé ti wẹ̀, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Ilé ìwé wa wà nínú ìsinmi ráńpẹ́, mo sì ti búra pé ọwọ́ ara mi ni màá fi fọ ilẹ̀ náà lónìí, kó di ọ̀la kí n máa bẹ ọkọ mi pé mo gba iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni èèrà.

Èèrà tò lọ gbọọrọ lórí táìlì mi. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí èèrà tó ń jẹ ọṣẹ rí. Adùn ni èèrà ń bá kiri. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀, mo gbé e símú. Oyin ni! Oyin àti àdín, pẹ̀lú òórùn ewé kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo tẹ̀ lé èèrà. Wọ́n gun ògiri, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáwà, wọ́n wọ ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé òkè. Mo gun orí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo nawọ́ síbẹ̀, mo sì fa igbá kékeré kan jáde tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé lórí. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n gún ló kún inú rẹ̀, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irun rẹ̀ kò tẹ̀, omi kò sì kàn án. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ti jẹ, ẹ̀gbẹ́ tí Akínwálé fi ń ha ara bọ́kẹ́ẹ̀tì kí n lè máa gbọ́ ìró rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Kárá-kárá-kárá. Èmi sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi lọ́kọ!

Mo gbé igbá náà lọ bá Màmá ní yàrá.  "Màmá, ẹ wo ohun tí ọmọ yín ń fi wẹ̀. Ẹ wo ohun tó fẹ́ fi pa yín."

Màmá ò ta gìrì. Wọ́n wo igbá náà bí èèyàn ṣe ń wo igbá tirẹ̀.

"Gbé e padà síbi o ti rí i," wọ́n ní. "Èmi ni mo gún un fún un."

Mo jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. 

"Ọdún gbogbo ni wọ́n ń fò ó níbi uṣẹ́," Màmá ní. "Àwọn tó bá a níbẹ̀ ti di ọ̀gá ẹ̀. Mo gún ọṣẹ náà kí n tó fi ẹsẹ̀ dá, kínú àwọn èèyàn lè yọ́ sí i. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ibi tí omi ẹ̀ bá kán sí nulẹ̀, a kì í fọ̀ ọ́, a kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, títí ipò ọ̀gá á fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí a bá fọ̀ ọ́, a ti fọ oore ẹ̀ lọ nìyẹn. Òní ni wọ́n máa pè é, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè fún ipò náà. Ó kù díẹ̀."

"Ẹ mọ̀ pé ó ń yọ̀?"

"Mo mọ̀. Mò ń rọra tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń wò mí bí mo ṣe ń to táìlì sínú oòrùn? Ẹ mọ̀, ẹ jókòó níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pè mí ní ọ̀bùn?"

Wọ́n fa ìborùn wọn. "Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọmọ mi ni."

"Dókítà ní bí itan yín bá tún dá, ẹ ò ní rìn mọ́!"

"Utan mi ti gbó, Tinúkẹ́. Uṣẹ́ ọmọ mi ni kò gbọdọ̀ bàjẹ́."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, inú mi ò rọ̀. Ká má parọ́, ńṣe ni inú tún bí mi sí i. Èmi ni mò ń fi ọwọ́ méjèèjì di obìnrin yìí mú láràárọ̀, èmi ni wọ́n máa mú bó bá ṣubú, ìyá àtọmọ sì ti fi itan náà ta tẹ́tẹ́ láìsọ fún mi. Mo dìde. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi gbígbóná, mo kó ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ sínú abọ́, mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi, mò ń lọ fọ balùwẹ̀."

Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti ń po iyọ̀ mọ́ ọsàn ní kíṣìnì, mo gbọ́ ọ̀pá onírin wọn, gbà, gbà, gbà. Nígbà tí màá fi débẹ̀, wọ́n ti wọ balùwẹ̀, wọ́n ti dúró sí àárín ilẹ̀ náà gan-an, wọ́n fi ara wọn dí i mọ́ mi.

"O ò ní da omi sí i," wọ́n ní. "Àfi tó o bá da á lé mi lórí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira. Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín."

"Dúró síbẹ̀!"

Wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè láti fi lé mi. Bí ọwọ́ yẹn ṣe kúrò lára ọ̀pá ni ẹsẹ̀ ọ̀pá kan sá lọ lórí ọṣẹ. Mo rí i tí ara wọn ń lọ sí apá ibi tí irin wà. Mi ò rò ó. Mo ju abọ́ ọwọ́ mi nù, mo sáré bọ́ sábẹ́ wọn bí èèyàn ṣe ń sá gba ọmọ tó fẹ́ já bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n wó lé mi láyà. Èmi fi ọwọ́ òsì gba ilẹ̀, mo sì gbọ́ tó dún kọ́ nínú ọrùn ọwọ́ mi. Ìrora náà gba ojú mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni, "Màmá, itan yín ńkọ́? Itan yín ńkọ́?"

"Kò kanlẹ̀," wọ́n ní. Ohùn wọn ti yí padà. "Kò kanlẹ̀. Orí ẹ ni mo wà."

Bí a ṣe wà nìyẹn, ìyá ọkọ lórí ìyàwó, ọsàn wẹ́wẹ́ ká ilẹ̀, nígbà tí ìlẹ̀kùn iwájú ṣí. Akínwálé ni. Ó ti padà wálé láti tún fi ọṣẹ rẹ̀ wẹ̀ kó tó lọ jókòó níwájú àwọn tó fẹ́ bi í ní ìbéèrè. Ó dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ tòun ti táì lọ́rùn. Ó rí ìyá rẹ̀. Ó rí èmi. Ó rí búrọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, "Ẹ ò tíì da omi sílẹ̀, àbí?"

 Mò ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń mí lórí àyà mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n wo ọmọ wọn.

"Akínwálé," wọ́n ní, "ulẹ̀ lo kọ́kọ́ bèèrè?"

"Màámi, mi ò ní in lọ́kàn pé—"

"Ìwọ Akínwálé, o ò nítìjú!" Èmi ni mo sọ ọ́. Láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra, "ẹ" ni mò ń pe ọkọ mi. Lọ́jọ́ náà, lórí ilẹ̀ balùwẹ̀, mo pè é ní "o" lójú ìyá rẹ̀, "o" tó dún dé ìta. "Dókítà sọ fún ọ! O gbọ́! O mi orí! O jókòó, ò ń jẹ ẹja, wọ́n ń pè mí ní ọ̀bùn nítorí rẹ!"

Mo retí kí Màmá bá mi wí. Wọn ò bá mi wí.

"Gbé mi dìde," wọ́n sọ fún un. "Rọra. Ó yá, gbé ùyàwó ẹ dìde. Wo ọwọ́ ẹ̀. Wo bó ṣe wú." Ó gbé àga oníke wá, ó gbé wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó fẹ́ yí padà lọ. Wọ́n ní, "Níbo lò ń lọ? Bọ́ ṣòkòtò yẹn. Mú búrọ́ọ̀ṣì."

"Màámi, wọ́n ń dúró dè mí. Àwọn ọ̀gá ti jókòó. Ẹ̀yin lẹ sì sọ pé a kì í fọ̀ ọ́."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi náà ni mo ní kó o fọ̀ ọ́. Mo fẹ́ kó o di ọ̀gá, mi ò ní kó o di irú èyí."

Ó fọ̀ ọ́. Tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, wọ́dìn wa kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ ló ń ha, kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi fara ti ògiri, mo gbé ọwọ́ mi lé àyà, mò ń wò ó. Bó bá ní ó ti tó, Màmá á na ọ̀pá sí igun kan, wọ́n á ní, "Ibẹ̀ yẹn." Wọ́n ní kó gbé igbá ọṣẹ náà wá, wọ́n gbà á, wọ́n fi ìka bù ú wò, wọ́n sì ní kó lọ dà á sí ààtàn lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó parí, wọ́n na àtẹ́lẹsẹ̀ tó sàn, wọ́n fi wọ́ táìlì. Ó dún kíún.

"Ọṣẹ wo la máa fi wẹ̀, ùyàwó mi?" wọ́n bi mí.

Mo fi ọwọ́ kan tó kù fi ike olómi náà hàn wọ́n.

Eékún rẹ̀ ṣì tutù nígbà tó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ló sì ti lọ síbi ìbéèrè rẹ̀. Bóyá wọ́n fún un ní ipò náà o, bóyá wọn ò fún un o, ẹ má bi mí. Òun ni kẹ́ ẹ lọ bi.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ti di ọwọ́ mi, a jókòó sí pálọ̀, Akínwálé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún iyán. Fóònù Màmá dún. Àǹtí Adéọlá ni. Màmá kì í lè gbé fóònù sétí pẹ́, wọ́n tẹ ibi tí gbogbo ilé á ti máa gbọ́ ọ, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

"Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀bùn yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti fọ balùwẹ̀?"

Ọmọ odó dúró lókè.

"Ó ti fọ̀ ọ́," Màmá dáhùn. "Mo jókòó tì í títí ó fi fọ̀ ọ́ tán."

"Ẹn-hẹ́n! Mo ti mọ̀ pé bí a bá le mọ́ Tinúkẹ́—"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ Tinúkẹ́?" Màmá ní. "Ọ̀bùn ulé yìí, Adéọlá, èmi ni mo bí i."